Àwòrán ilé rẹwà lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ta ló ṣírò ẹrù orí òpó?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bí a bá gbé ìkòkò ka orí òkúta mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò fara kàn án, bí ọ̀kan tilẹ̀ kúrú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òkúta kẹrin kún un, wàhálà dé. Èyí tó bá kúrú jù lè má fara kan ìkòkò rárá, ẹrù tó yẹ kó gbé yóò sì di ti àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ òkúta ìdáná yìí gan-an ló wà nídìí iṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà ń fi kọ̀ǹpútà ṣe kí wọ́n tó kọ́ ilé alájà púpọ̀. Ó sì kan àwọn ará Lẹ́kí títí dé Ajah gbọ̀ngbọ̀n, níbi tí ilé tuntun ti ń dìde lójoojúmọ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í jókòó sórí òpó mẹ́ta. Òpó rẹ̀ lè tó ogún tàbí ọgbọ̀n, iye ẹrù tó sì ń bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fojú wọ̀n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe lórí ilé. Àkọ́kọ́ ni yíya àwòrán. AutoCAD, tó jáde ní ọdún 1982, wà lára àwọn ètò tó sọ ọ́ di ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n àwòrán kò ní ìwúwo. Ẹ lè ya dẹ́kìn sínú afẹ́fẹ́ láìsí òpó kankan lábẹ́ rẹ̀, kò ní já. Iṣẹ́ kejì ni ìṣirò, níbi tí wọ́n ti ń wo bí apá kan ṣe ń ti èkejì níbi tí wọ́n ti fara kanra.

Nínú ìṣirò yìí, kọ̀ǹpútà a máa gé ilé náà sí wẹ́wẹ́. Níbi tí apá méjì bá ti kanra, a máa ṣe é bí ẹni pé sípíríǹgì líle kan wà láàrin wọn. Bí wọ́n bá ti ara wọn, sípíríǹgì á tì wọ́n padà. Bí wọ́n bá fi ara wọn sílẹ̀, agbára náà á di òfo, nítorí òkúta lè ti ìkòkò sókè, ṣùgbọ́n kò lè fà á sílẹ̀. Òdìkejì èyí ni àwọn okùn irin tó gbé afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí dúró, èyí tí Gómìnà Babatunde Fashola ṣí ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2013. Okùn lè fa nǹkan, kò lè tì í.

Ibi tí ewu wà nìyí: kọ̀ǹpútà kò mọ irú ìfarakanra tó wà láàrin apá méjì. Ẹnjiníà ló ń sọ fún un. Ṣé wọ́n lẹ̀ pọ̀ bíi kọ́ńkéré tí wọ́n dà lẹ́ẹ̀kan náà ni, àbí wọ́n kàn gbé ọ̀kan lé èkejì tó sì lè yọ̀? Bí ẹnjiníà bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní jiyàn. Yóò gbé ìdáhùn tó jọ òótọ́ jáde.

Kò mọ sí ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, ìpìlẹ̀ kọ́ńkéré ńlá tí wọ́n fẹ́ gbé ibùdó ìwapo Sleipner A lé rì sínú omi nítòsí Stavanger ní orílẹ̀-èdè Norway. Ìwádìí fi hàn pé ìṣirò kọ̀ǹpútà níbi tí àwọn ògiri rẹ̀ ti pàdé fi ìdá 47 nínú 100 dín sí ti òótọ́.

Ní Lẹ́kí, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń fara kanra. Àárín Òkun Àtìláńtíìkì àti Ọ̀sà Èkó ni ibẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló jẹ́ irà tí wọ́n fi yanrìn dí. Bí ilẹ̀ bá rì lábẹ́ òpó kan, òpó náà ti di òkúta tó kúrú nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣírò.

Ẹrù tí wọ́n ṣírò nìkan ni ìṣirò sì lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹta, ọdún 2016, ilé alájà márùn-ún kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ikate, ní Lẹ́kí. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó bá a lọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé wọ́n ti kọ́ ilé náà kọjá iye àjà tí wọ́n gbà láyè, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti tì í pa tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó já a ṣí. Gbogbo àjà tí a bá fi lé ilé lórí ló ń sọ̀kalẹ̀ wá bá òpó ìsàlẹ̀ àti ilẹ̀ tó gbé e.

Nítorí náà, kí onílé tó san owó iṣẹ́, kó má ṣe jẹ́ kí àwòrán aláràbarà nìkan tẹ́ òun lọ́rùn. Kó béèrè ẹni tó ṣírò ẹrù orí òpó, kó béèrè àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀, kó sì béèrè iye àjà tí wọ́n ṣírò fún. Bí ó bá wá fẹ́ fi àjà kan kún un lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún ìṣirò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.