Ta Ni Yóò Túmọ̀ Ìlù Ọkàn Ajá?

Ajá kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé ọkàn ń yọ òun lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àrùn ọkàn fi í jẹ ẹ́ níkọ̀kọ̀ kí ẹni tí ó ni ín tó fura. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àrùn yìí wọ́pọ̀ lára àwọn ajá kékeré tí a ń pè ní Cavalier King Charles Spaniel: ilẹ̀kùn inú ọkàn wọn a máa bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ a sì máa ṣàn padà sí ibi tí ó ti wá.

Lónìí, irinṣẹ́ pẹlẹbẹ kan wà tí a ń gbé lé àyà ajá, tí ó sì ń fi ìlù ọkàn hàn bí ìlà lójú fóònù. Àwa gbà pé iṣẹ́ ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò túmọ̀ ìlà náà? Bí ó bá wọ́, ó lè jẹ́ àìsàn. Ó sì lè jẹ́ pé ajá mira ni, tàbí pé irun rẹ̀ kò jẹ́ kí irinṣẹ́ kan awọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀nà kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀, tí ọmọ ilé-ìwé pàápàá lè tọ̀. Nígbà tí ajá bá sùn fọnfọn, ẹ ka iye ìgbà tí ó ń mí ní ìṣẹ́jú 1. Bí ó bá ń kọjá 30 lemọ́lemọ́, ẹ má ṣe jáfara, ẹ mú un tọ dókítà ẹran lọ. Kí fóònù máa jẹ́ ìránṣẹ́. Dókítà ni kí ó dájọ́. Kékeré ni a ti í pẹ̀kan ìrókò.