Lẹ́tà A tó kẹ́yìn LCDA

Èsì ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ Èkó ti ọjọ́ 12 oṣù Keje 2025 ti délé dóko: APC ló kó ipò alága ní gbogbo ìjọba 57. Ohun tí àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ béèrè ni bí 57 ṣe dé Èkó, nígbà tó jẹ́ pé 20 péré ni ìwé òfin Nàìjíríà mọ̀. Inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó wà lẹ́nu gbogbo wa ni ìdáhùn rẹ̀ wà: area.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé. Lọ́dọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́, ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n ti ń pa ọkà ni. Lọ́dọ̀ olùkọ́ ìṣirò, bí ojú ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ni. Lọ́dọ̀ ọlọ́pàá Èkó, lẹ́tà ló ń tẹ̀ lé e: Area F ní Ìkẹjà, Area M ní Ìdímù. Ṣùgbọ́n kí kọ́ńdọ́ pariwo pé "àwọn area ti dé", kò sí èrò tó máa rò pé ọlọ́pàá ló ń wí; àwọn ọmọ ìta ni. "Area boy" wọ ìwé atúmọ̀-èdè Oxford ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, òun pẹ̀lú agbèrò, japa àti ẹ̀bà. A máa ń gbọ́ ọ pé ọmọ àdúgbò lásán ló túmọ̀ sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó kó tó di ọ̀rọ̀ èébú. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ní owó nínú ni ti ìjọba. Ìwé òfin 1999 dárúkọ Local Government Area 768, ó fi area council 6 ti Abuja kún un, ó di 774. Kano ní 44, Èkó ní 20. Èyí ló ká Bola Tinubu, gómìnà Èkó nígbà náà, lára tó fi dá 37 mìíràn sílẹ̀ ní 2003. Wọ́n pín Alímọ̀ṣọ́ sí 6, Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù àti Ìkòtún-Ìgàndò sì wà lára wọn. Nítorí èyí, Ààrẹ Obasanjo gbé ẹsẹ̀ lé owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó. Ní oṣù Kejìlá 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Ààrẹ kò láṣẹ láti dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ ò tíì parí lórí àwọn tuntun náà, àfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abuja bá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí abala 8 ṣe wí. Èkó wá sọ wọ́n ní Local Council Development Area. Area ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe area tí ìwé òfin mọ̀ mọ́.

Ẹ wo ọmọ Ìpájà tó ń kọ fọ́ọ̀mù JAMB. Níbi tí wọ́n ti ní kó mú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kò ní rí Ayọ̀bọ̀-Ìpájà. Alímọ̀ṣọ́ ni yóò mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alága tó dìbò fún kì í ṣe ti Alímọ̀ṣọ́. Bákan náà lowó àpapọ̀ ṣe rí: orúkọ Alímọ̀ṣọ́ ló ń bá jáde ní Abuja.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ kan náà pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé e pátápátá, mo rò pé ọwọ́ àwọn LCDA ni yóò kọ́kọ́ gbẹ, àyàfi tí Alímọ̀ṣọ́ bá gbà láti pín in. Lójú tèmi, àwọn aṣòfin Abuja ni iṣẹ́ kù sí lọ́wọ́, ó sì ti lé ní ogún ọdún.