Ṣé gbogbo ìlà ni fọ́ńṣọ̀n? Máàpù Calgary ní ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà pé ohun kan náà ni ìlà gbọọrọ àti fọ́ńṣọ̀n, torí pé orí gíráàfù kan náà ni wọ́n ti ń bá méjèèjì pàdé. Ṣùgbọ́n ìrísí là ń wò ká tó pe nǹkan ní ìlà. Òfin là ń wò ká tó pè é ní fọ́ńṣọ̀n. Òfin ọ̀hún kò ju ẹyọ kan lọ: x kan kò gbọdọ̀ ní ju y kan ṣoṣo lọ.

Calgary, ní ìpínlẹ̀ Alberta lórílẹ̀-èdè Kánádà, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gíráàfù fúnra rẹ̀. Centre Street wà lára ohun tó pín ìlú náà sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Odò Bow àti Centre Avenue wà lára ohun tó pín in sí àríwá àti gúúsù. Ìdí nìyẹn tí NW, NE, SW tàbí SE fi ń wà lẹ́yìn àdírẹ́sì ibẹ̀. Láti 1904 ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà pe àwọn títì: avenue wà níbùú, street wà lóòró.

Ká ní x ni bí ènìyàn ṣe jìnnà sí Centre Street, kí y jẹ́ bó ṣe jìnnà sí Centre Avenue. Ẹni tó ń rìn lórí 17 Avenue láàárín ìlú, x rẹ̀ ń yí, y rẹ̀ kò yí. Ìlà ni, fọ́ńṣọ̀n sì ni. Ẹni tó wà lórí 4 Street ńkọ́? x kan ṣoṣo ló ní, àìmọye y ló so mọ́ ọn. Ìlà ni, àmọ́ kì í ṣe fọ́ńṣọ̀n. Odò Bow tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lọ sí gúúsù kò jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ó ku irú kẹrin: fọ́ńṣọ̀n tí kì í ṣe ìlà. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní chinook máa ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Rocky, ó sì lè fi ohun tó ju 20 lọ kún ìwọ̀n Celsius láàárín wákàtí díẹ̀. Bí x bá jẹ́ àkókò, tí y sì jẹ́ ìwọ̀n ooru, gíráàfù rẹ̀ kò gún rárá, síbẹ̀ fọ́ńṣọ̀n ni: ní ibì kan náà, ìṣẹ́jú kan kò lè ní ìwọ̀n ooru méjì.

Ìlà tó jẹ́ fọ́ńṣọ̀n tún wà nídìí owó. Alberta kò ní owó orí ọjà ti ìpínlẹ̀. 5% ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni. Ọjà 100 dọ́là tí owó orí kàn á di 105, ti 200 á di 210: y = 1.05x. 1.05 ni ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà náà, orí òdo ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ti yíyí Celsius sí Fahrenheit, y = 1.8x + 32, ga jù ú lọ ní ìdagẹ̀rẹ̀, 32 ló sì ti gé òpó y.

Ẹni tó bá fẹ́ dán gíráàfù wò, kó gbé rúlà lé e lóòró, kó máa tì í lọ. Bí rúlà bá kan àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì níbì kankan, kì í ṣe fọ́ńṣọ̀n. Ìlà tó dúró ṣánṣán nìkan ló ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí. Gbogbo ìlà yòókù ló ń yege.