Yamaha: Ilé-iṣẹ́ Dùùrù Tó Tún Ń Ṣe Alùpùpù

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí orúkọ Yamaha lára kíbọ́ọ̀dù. Ẹ tún lè rí i lára alùpùpù lójú títì, lára jẹnẹrétọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, àti lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà. Àwọn kan rò pé orúkọ ló kàn bára mu. Rárá o, orísun kan náà ni gbogbo wọn ti ṣàn wá. Báwo wá ni ẹni tó ń ṣe ohun èlò orin ṣe dé ìdí ẹ́ńjìnnì?

Dùùrù ilé-ìwé kan

Ní ọdún 1887, dùùrù tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan rà láti òkè òkun bàjẹ́ nílùú Hamamatsu, lórílẹ̀-èdè Japan. Torakusu Yamaha, tó mọ iṣẹ́ aago àti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ni wọ́n pè láti tún un ṣe. Bó ti ń tún un ṣe ló ń ya àwòrán inú rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kan tirẹ̀. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ fi ọ̀pá gbé dùùrù náà léjìká, wọ́n gba orí òkè Hakone kọjá lọ sí Tokyo kí àwọn onímọ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn wọ̀nyí ní ohùn rẹ̀ kò gún régé. Yamaha kò tìtorí ìyẹn jáwọ́. Ó fi nǹkan bí oṣù kan kọ́ ìmọ̀ ohùn, ó padà lọ kan òmíràn, èyí sì yege. Ní 1897, ó sọ iṣẹ́ náà di ilé-iṣẹ́ Nippon Gakki.

Láti ara igi dé ara irin

Ẹni tó lè gbẹ́ igi, tó lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó má sán, lè fi ọgbọ́n kan náà ṣe àga àti tábìlì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní 1903. Nígbà tí ó di 1921, wọ́n ń fi igi ṣe abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi irin ṣe é. Ogun àgbáyé kejì parí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe abẹ̀bẹ̀ wà nílẹ̀ láìníṣẹ́. Genichi Kawakami, tó di olórí ilé-iṣẹ́ náà ní 1950, pinnu pé alùpùpù ni kí wọ́n fi wọ́n ṣe. Alùpùpù àkọ́kọ́, YA-1, jáde ní 1955. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n ya iṣẹ́ alùpùpù sọ́tọ̀, wọ́n pè é ní Yamaha Motor. Ní 1960, ó ti ń ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.

Ní ti orin, dùùrù oníná tí wọ́n ń pè ní Electone jáde ní 1959, kíbọ́ọ̀dù DX7 sì tẹ̀ lé e ní 1983.

Ilé-iṣẹ́ méjì, orúkọ kan

Láti 1987 ni Nippon Gakki ti ń jẹ́ Yamaha Corporation. Òun ló ni kíbọ́ọ̀dù. Yamaha Motor ló ni alùpùpù àti jẹnẹrétọ̀. Síbẹ̀, àmì àwọn méjèèjì ni irin oníga méjì mẹ́ta, irú èyí tí a máa ń lù láti mọ ohùn tó péye. Nígbà tí Yamaha Motor bá Toyota ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Lexus LFA, àwọn onímọ̀ ohùn Yamaha Corporation ló bá wọn tún ìró rẹ̀ ṣe.

Àwa náà ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹbí ti bi pé, "Kí lo fẹ́ fi Yorùbá tí ò ń kà ṣe?" Ìbéèrè gidi ni, nítorí owó ilé-ìwé kò kéré. Ọ̀nà kan kò wọjà. Ẹni tó mọ àmì ohùn fi sórí ọ̀rọ̀, tó lè túmọ̀ èdè, tó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró méjì, ti ní ohun tí ilé-iṣẹ́ rédíò, àwọn oníṣẹ́ fíìmù àti àwọn tó ń kọ́ fóònù lédè wa nílò. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé oṣù kan tí Yamaha fi kọ́ ìmọ̀ ohùn. Iṣẹ́ tí a kò bá mọ̀ dénú kì í bí òmíràn.