Ibo ni ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìntì ń gbà lọ? Ohun tó yẹ kí ìjọba kà kó tó pín ìrànwọ́

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kínní ọdọọdún, Nàìjíríà máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó kú sójú ìjà àti àwọn tó ti fẹ̀yìntì. Ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970. Wọn a gbé òdòdó kalẹ̀, wọn a sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Lẹ́yìn ayẹyẹ náà, ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀: bí àìsàn bá dé, tàbí tí owó bá tán, ibo ni ọmọ ogun àná ń gbà lọ?

Kí ló wà nílẹ̀ fún wọn?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìpèsè náà pín sí. Àkọ́kọ́ ni ìkọ́ṣẹ́. Ibùdó kan wà ní Òṣòdì, nílùú Èkó, níbi tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú tó fẹ́ fẹ̀yìntì ti máa ń kọ́ṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà: iṣẹ́ àgbẹ̀, aṣọ rírán, wẹ́dà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì ni ìtọ́jú. Ilé-ìwòsàn ńlá àwọn ológun wà ní Kàdúná àti ní Yábà, ti àwọn ọmọ ogun ojú omi sì wà ní Ọ̀jọ́.

Ìkẹta ni owó ìfẹ̀yìntì, tí àjọ kan ń bójú tó láti Àbújá. Lọ́dún 2004, òfin fi àwọn ológun sínú ètò tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba ti jọ ń dá owó pamọ́. Lọ́dún 2011, wọ́n yọ wọ́n kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, inú ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ni owó wọn ti ń wá. Bí ìjọba kò bá tètè tú owó sílẹ̀, àgbàlagbà ló ń dúró. Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú wọn fi ṣe ìwọ́de dé iléeṣẹ́ ètò ìṣúná l'Abuja lóṣù Kejìlá ọdún 2024.

Kí ló dé tí kíka ilé nìkan kò tó?

Ibi tí ọmọ ogun bá wà ni ológun ń kọ́ bárékè àti ilé-ìwòsàn sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ̀yìntì kì í gbé bárékè mọ́. Ìlú rẹ̀ ló ń padà sí. Ìwé tó bá ka ilé nìkan yóò ka ibùsùn tó wà ní Kàdúná, kò ní ka owó ọkọ̀ ẹni tó ń ti abúlé kan nítòsí Gboko lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó tẹ̀lé orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́, tó ní dókítà àti oògùn? Ta ló lè dé ibẹ̀, èló sì ni yóò ná? Ta ni orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé: opó, ọmọ òrukàn, tàbí ẹni tó gbọgbẹ́ tí kò lè rìn lọ síbi àyẹ̀wò?

Ìdáhùn wọn lè fi hàn pé ilé-ìwòsàn bárékè kan láàyè láti tọ́jú àwọn àgbà lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, tàbí pé bárékè tó súnmọ́ ilé lè ṣe àyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì.

Ṣé ọ̀rọ̀ tuntun ni?

Rárá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, àwọn ọmọ ogun tó ti Ogun Àgbáyé Kejì dé kóra jọ ní Accra láti gbé ẹ̀bẹ̀ nípa ẹ̀tọ́ wọn lọ bá gómìnà. Ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n, mẹ́ta kú, rúkèrúdò sì bẹ́ sílẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà wà lára ohun tó mú kí ìjà òmìnira Ghana le sí i.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà. Ọ̀dọ́ tó ń wọṣẹ́ ológun lónìí ń wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó ṣíwájú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹni yẹn ló yẹ kí ìkàyé náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnubodè bárékè.