Bí àwọn tó ń sin ẹja nínú ilé ṣe gba ẹja odò kan là

Ẹja kékeré tó ń jẹ́ Tequila splitfin ti pòórá pátápátá nínú odò Teuchitlán lórílẹ̀-èdè Mexico, torí ìdọ̀tí àti àwọn ẹja àjèjì tó wọ odò náà.

Kí ló wá kó o yọ? Àwọn kan ní Yúróòpù ń sìn ín nínú àpótí gíláàsì, wọ́n sì ń pín ọmọ rẹ̀ fún ara wọn. Bí ti ẹnì kan bá kú tán, ti ẹlòmíì á ṣì kù.

Lọ́dún 1998, ọ̀kan nínú wọn láti England fún Yunifásítì Michoacana ní Mexico ní akọ márùn-ún àti abo márùn-ún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí sí i, kí wọ́n tó dá wọn padà sódò. Ní báyìí, wọ́n ti ń bímọ níbẹ̀.