Èkó, Onim, Lagos: Orúkọ Ìlú Kan àti Ipò Rẹ̀ Lábẹ́ Ìjọba

Orúkọ mẹ́ta ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ fún erékùṣù tí Ìsàlẹ̀ Gángan wà lórí rẹ̀: Èkó, Onim àti Lagos. Àwọn kan gbà pé láti ara oko ni Èkó ti wá, nítorí oko ata tí a ní ó wà níbi tí Ìgà Ìdúngànrán wà lónìí. Àlàyé yìí dùn létí, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu, bẹ́ẹ̀ ni ohùn wọn kò dọ́gba: ohùn àárín méjì ni ti oko, ohùn ìsàlẹ̀ àti òkè ni ti Èkó. Àlàyé àwọn tí ó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ Ẹ̀dó tí ó túmọ̀ sí àgọ́ ogun ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, pàápàá nígbà tí ìdílé ọba Èkó fúnra wọn so orírun oyè wọn mọ́ Ìbíní. Àwọn oníṣòwò ẹrú Pọtogí àti ti Bùràsíìlì ni ó ń lo Onim. Lagos, tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ Pọtogí fún adágún, ni Gẹ̀ẹ́sì gbà, òun ni ó sì wọ inú ìwé àdéhùn.

Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin ìlú náà ní àgbá, Kòsọ́kọ́ sá, Akíntóyè sì padà sórí oyè. Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ ni ó tọwọ́ bọ ìwé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí omi níwájú ìlú. Ìwé náà fi èbúté àti erékùṣù Èkó fún ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi orúkọ ọba sílẹ̀ fún Dòsùnmú, pẹ̀lú àṣẹ láti parí ìjà àwọn ọmọ ìlú bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé ohun tí kì í ṣe ti ọba ni ọba lè fi tọrẹ? Àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, onífìlà funfun, ni ó ni ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni Olóyè Amodu Tijani, Olúwa, gbé dé Lọ́ńdọ̀nù nítorí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920. Ní 1921, ilé ẹjọ́ ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé àdéhùn 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́, owó gbà-máà-bínú sì tọ́ sí wọn.

Ipò ìlú náà kò dúró sójú kan. Ó di Kólónì ní 1862. Ní 1866 a fi í sábẹ́ Sàró, ní 1874 sábẹ́ Gold Coast, ní 1886 ó gba òmìnira lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí a bí ní Ìsàlẹ̀ Gángan ní 1860 lè ti wà lábẹ́ gómìnà ìlú Freetown àti ti Gold Coast láìjáde nílé baba rẹ̀. Ní 1906 a pa á pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà, ní 1914 ó di olú-ìlú gbogbo Nàìjíríà.

Ọba rẹ̀ ńkọ́? Ìjọba kọ̀ láti gbà á bí ọba ju olórí ìdílé Dòsùnmú lọ. Èṣùgbàyí Elékòó ni ó jìyà rẹ̀: ní 1925 a lé e lọ sí Ọ̀yọ́, kò sì padà títí di 1931, lẹ́yìn ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 1951 Èkó wọ inú Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1954 a yọ ọ́ kúrò gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. A dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 oṣù Karùn-ún 1967, ìjọba àpapọ̀ sì kó lọ sí Àbújá ní 12 oṣù Kejìlá 1991.